Pòtétò Tí Mo Gún Nínú Odó

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Èrìò, nílẹ̀ Èkìtì, ohun tó bá ti jinná tó sì rọ̀, odó ló ń lọ. Iṣu ni, kókò ni, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni nígbà tí iṣu bá wọ́n. Ìyá Àgbà tó tọ́ mi á kàn ṣí ìkòkò wò, á ní, "Gbé ọmọ odó wá." Ẹ̀yin àbúrò mi, mi ò tíì darúgbó tó ẹni tó ń pìtàn, ṣùgbọ́n ayé tí mo fẹ́ sọ yìí ti jìnnà sí tiyín.

Kíláàsì karùn-ún ni mo ka ìwé dé. Lẹ́yìn náà mo wà nílé, mò ń bá Ìyá Àgbà ṣa kòkó. Mi ò kórìíra oko, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni ọkàn mi ń fẹ́. Ìyá Àgbà mọ̀, bí mi ò tilẹ̀ sọ ọ́. Ọjọ́ kan ló mú mi wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹfọ̀n, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó wá láti apá Ọ̀ṣun, tó ń se oúnjẹ ayẹyẹ. Alásè ni gbogbo ènìyàn ń pè é.

"Ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀," ni Ìyá Àgbà wí, "àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi."

Alásè wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ọwọ́ nìkan kọ́ la fi ń se oúnjẹ, Ìyá. Ẹ jẹ́ kó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ná."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, abọ́ ni mò ń fọ̀. Inú abọ́ àwọn àlejò ni mo ti kọ́kọ́ rí ìyókù sàláàdì pòtétò: ó funfun, ó rọ̀, ewé tútù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Mo fi ìka tọ́ ọ lá. Ó tutù, ó dùn, òórùn ẹfinrin gba imú mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni mi ò mọ̀, ojú sì ń tì mí láti béèrè.

Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ kẹta pé, Alásè ń lọ ra nǹkan ní Àrámọkọ. Ó gbé agbọ̀n pòtétò síwájú mi. "Fi ṣe sàláàdì kí n tó dé. Bó bá dára, o di ọmọ iṣẹ́ mi. Bí kò bá dára, wàá wọ ọkọ̀ Èrìò láàárọ̀ ọ̀la."

"Ẹ ṣé, mà," ni mo wí.

Mo bó pòtétò, mo sè é, mo dà á sínú odó, mo sì gún un bí ọmọ Èkìtì gidi. Ó kọ́kọ́ rọ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Bí mo ṣe gbé ọmọ odó sókè, ó fà tẹ̀ lé e bí àtè tí a fi ń mú ẹyẹ. Mo ta omi sí i, ó tún burú sí i.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tó ti ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú mi. Ó yọjú wo inú odó, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Iyán pòtétò! Ó ku ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ká lọ pe àwọn àgbà ìlú!"

Omijé lé ròrò sí mi lójú. Ṣùgbọ́n ìdajì pòtétò ṣì wà nínú agbọ̀n. Mo wí nínú ara mi pé bí mo bá tilẹ̀ máa lọ lọ́la, kò ní jẹ́ nítorí pé mo bẹ̀rù láti la ẹnu.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"

Ẹ̀rín rẹ̀ dá. "Háà! Ìwọ náà ní ohùn?"

"Mo ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi."

Ó jókòó sórí àpótí, ó ń sọ, èmi ń ṣe. Tèèpo tèèpo la ń sè é, kí omi má baà wọ̀ ọ́. Bí ṣóńṣó ọ̀bẹ bá ti wọlé, ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó tutù pátápátá, ká tó bó o, ká gé e ní kéékèèké bíi ṣúgà oníhóró. Kíríìmù tí a fi ń pò ó ló gba agbára. Pupa ẹyin méjì, omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀, ìjábẹ̀ lọ́wọ́ kan, òróró ẹ̀pà tó ń kán tó, tó, tó lọ́wọ́ kejì. Mo kánjú: òróró lọ sọ́tọ̀, ẹyin lọ sọ́tọ̀.

"Ó ti já," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Fọ́ ẹyin mìíràn, kí o máa kán èyí tó já sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

Apá ń ro mí dé èjìká, mi ò dúró. Ó wá ki, ó funfun, ó di mọ́ ìjábẹ̀. Mo já ewé ẹfinrin mẹ́rin péré, nítorí ẹfinrin a máa jẹ gàba lórí oúnjẹ, mo gé e pọ̀ mọ́ ewé àlùbọ́sà, mo sì rọra po gbogbo rẹ̀ kí pòtétò má baà fọ́.

Alásè kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi rí odó. "Kí ló wà nínú ìyẹn?"

Ẹ̀gbọ́n wo ojú mi. Mo lè dákẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi.

"Pòtétò ni, mà. Èmi ni mo gún un."

"O gún kí ni?"

"Pòtétò, mà. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Nígbà tó bàjẹ́, mo bi ẹ̀gbọ́n léèrè, mo sì tún òmíràn ṣe."

Ó bu ṣíbí kan nínú abọ́ sàláàdì. Ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó tún bu òmíràn. "Iyọ̀ rẹ̀ kò tó." Ó gbé ṣíbí kalẹ̀. "Àmọ́ ìbéèrè yẹn ni mo ti ń retí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ fọ odó mi kó tó gbẹ. Tó o bá ṣe tán, kó ẹní rẹ sí yàrá àwọn ọmọ iṣẹ́."

Lónìí, èmi náà ń se oúnjẹ ayẹyẹ. Kíríìmù inú ìgò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kadà sì ń gbé pòtétò gun òkè wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọbìnrin tó ń wá kọ́ṣẹ́ ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù kí wọ́n tó dé. Ìwé wọn ju tèmi lọ, ẹnu wọn yá, àwọn náà ń kọ́ mi ní tiwọn. Inú mi ń dùn sí i. Síbẹ̀, ọ̀kan kì í ṣàìwà láàárín wọn tó jẹ́ pé ilẹ̀ ló máa ń wò. Èmi kì í dúró de ìbéèrè rẹ̀. Mo máa ń lọ bá a níbi tó bá dúró sí, mo máa ní, "Wá wo eléyìí." Èyí tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ó jọ jẹ ẹ́, a ó sì tún un ṣe lọ́la.