Bwanali àti Àbúrò Rẹ̀ Tó Di Ọ̀gá Rẹ̀

Lọ́jọ́ tí ọta ìbọn fọ́ ẹsẹ̀ Mtenje létí odò kan nínú igbó Bọ́mà, Mtenje ni kọ́púrà. Bwanali ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ ṣọ́jà lásán lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀tá ti sún mọ́ wọn. Mtenje ní kí gbogbo wọn sọdá, kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Àwọn yòókù sọdá, ṣùgbọ́n Bwanali jókòó tì í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa lọ! Àṣẹ ni!"

"Ṣé o ti kí mi láàárọ̀ yìí?"

"Wọ́n ń yìnbọn!"

"Mo gbọ́. O ò tíì kí mi, àṣẹ rẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Ló bá pọ̀n ọ́n wọnú omi. Títí wọ́n fi dé òdìkejì ló ń bá a wí, pé ó ti sanra jù, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ba aṣọ òun jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kíkí yìí ti pẹ́. Nígbà tí wọ́n kúrò nílé wọn nísàlẹ̀ òkè Zomba lọ bá àwọn òyìnbó jagun, Bwanali ṣèlérí fún ìyá wọn pé òun á mú Mtenje padà láìdín ìka kan. Àfi bí wọ́n ṣe sọ Mtenje di kọ́púrà nítorí pé ó mọ̀wé. Bwanali gbọ̀nà ọ̀dọ̀ ọ̀gá òyìnbó lọ.

"Ọ̀gá, ẹ ti ṣàṣìṣe. Èmi ni àkọ́bí."

"Kò sí àkọ́bí nínú iṣẹ́ ológun."

"Abájọ tí ogun yín ò fi parí."

Nígbà tó yá, wọ́n fi àdéhùn pẹ̀tù sí i. Láràárọ̀, Mtenje á kúnlẹ̀ lẹ́nu àgọ́ Bwanali, á pàtẹ́wọ́, á kí i dáadáa. Lẹ́yìn náà ló tó lè rán an níṣẹ́. Tí Bwanali bá ti rí i pé kòtò ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ lọ́jọ́ kan, oorun rẹ̀ kì í tán kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ó sú Mtenje. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ àwọn ọ̀gá kí wọ́n gbé ọkùnrin yìí lọ síbòmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni Bwanali padà wá. Ìgbà kẹta, ìbaaka ló gùn wá.

"Ta ló fún yín ní ìbaaka?" ni Mtenje bi í.

"Òun ló bẹ̀ mí. Ibẹ̀ yẹn ò bá a lára mu."

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá wọn bọ́ bàtà Mtenje, ó ka ìka ẹsẹ̀ rẹ̀: mẹ́sàn-án ló kù.

"Bwanali, kí lo ṣèlérí?"

"Ìka ọwọ́ ni mo ní lọ́kàn, Màmá."

Lẹ́yìn ogun, Bwanali kọ́lé sí iwájú ilẹ̀kùn Mtenje gan-an, ó ní kí òun lè máa rí i. Atẹ́gùn òkè ò wọlé Mtenje mọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni Mtenje fi ráhùn.

"Ẹ ti fi ooru pa mí!"

"Ooru kọ́ ló fẹ́ pa ọ́ létí odò yẹn."

Lọ́dún tó kọjá, Bwanali sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kò jí mọ́. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ti Blantyre dé pẹ̀lú ọkọ́ àti òòlù, wọ́n fẹ́ wó ilé náà kí bàbá wọn kékeré lè rí atẹ́gùn.

Mtenje gbé àga jáde, ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri náà.

"Bàbá, ẹ dìde. Ooru yìí mà pọ̀."

"Ẹ fi í sílẹ̀," ló wí. Ó nu ojú rẹ̀. "Atẹ́gùn òkè yẹn, ó máa ń tutù jù."