Wọ́n Gbowó Lórí Àmín Mama

Tí o bá ti gbé àdúgbò Arcella rí ní Padova, nílẹ̀ Italy, wàá mọ òórùn àtẹ̀gùn ilé wa: kọfí àwọn ará ìsàlẹ̀, aṣọ tí kò gbẹ dáadáa, àti ata díndín tiwa tí àwọn aládùúgbò máa ń tìtorí ẹ̀ pa fèrèsé dé gbàgà. Yàrá kejì sí tèmi ni Mama ń gbé. Ìyá ìjọ wa ni wọ́n. Wọn ò bí mi o, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn ni mo dé sí nígbà tí mi ò mọ ẹnì kankan nílùú yẹn. Iṣẹ́ badante ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó, wọ́n ń wẹ̀ fún wọn, wọ́n ń bọ́ wọn.

Ìyá arúgbó tí wọ́n ń tọ́jú kú, iṣẹ́ bọ́, bẹ́ẹ̀ permesso wọn, ìwé ìgbélùú, ti fẹ́ parí. O ṣáà mọ̀ pé láìsí contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́, kò sí rinnovo, wọn ò ní tún ìwé náà ṣe. Mama gbààwẹ̀ títí ọrùn wọn fi tín-ín-rín. Agenzia tó ń wáṣẹ́ fún wọn ní bí iṣẹ́ bá ti yọ, àwọn á fi messaggio ránṣẹ́ sórí fóònù, kí Mama fèsì "Sì", ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, kó tó di ọ̀sán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn á gbé e fún ẹlòmíì.

Ọjọ́ tí messaggio náà dé, Mama jó yí ìdáná po. Ojú mi ni wọ́n ti tẹ "Sì", tí wọ́n sì gbé fóònù mọ́ àyà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n múra, wọ́n wọ tram lọ sílé tí iṣẹ́ náà wà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi padà dé. Wọ́n ti bá obìnrin mìíràn nílé náà, ó ti wọ épírọ́ọ̀nù.

"Wọ́n ní mi ò fèsì," Mama wí. Wọn ò bọ́ kóòtù, wọ́n kàn jókòó.

Mo gba fóònù. Èsì yẹn kò lọ lóòótọ́, kò sí owó lórí ìlà. Owó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i! Mo bá ń wo àwọn messaggio tó ṣáájú. Láràárọ̀ ni ilé iṣẹ́ fóònù ń fi ọ̀rọ̀ oríire ránṣẹ́: lónìí oríire á kan ilẹ̀kùn rẹ, lónìí ọ̀nà rẹ á là. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, Mama ti tẹ "Amen."

"Mama, kí lẹ ń dá wọn lóhùn sí?"

"Ẹni tó ń ṣàdúrà fún mi? Kí n wá dákẹ́ bí odi?"

Háà! Mo gbé fóònù náà dé ṣọ́ọ̀bù ilé iṣẹ́ fóònù yẹn lẹ́bàá stazione, ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà ní, "Signora, ogni risposta si paga," pé gbogbo èsì ni wọ́n ń gbowó lé, àti pé Mama fúnra wọn ló fèsì. Ó tún rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo bú u ní Italian, mo bú u ní Pidgin, nígbà tí kò tó mi, mo kó Yorùbá bò ó. Olè aláṣọ funfun! Wọ́n dá messaggio oríire náà dúró, ó parí síbẹ̀. Ta ló fẹ́ dá iṣẹ́ padà?

Permesso parí mọ́ Mama lọ́wọ́. Wọ́n jìyà kí ìdílé kan ní Pordenone, ìlú míì, tó gbà wọ́n síṣẹ́. Lọ́jọ́ ìsinmi tí wọ́n fẹ́ lọ, pásítọ̀ gbàdúrà fún wọn níwájú ìjọ pé ọ̀nà wọn á là. Gbogbo ilé hó "Àmín!" Mama ò ṣe é. Wọ́n tẹ̀ sí etí mi.

"Tèyí ńkọ́? Ṣé ọ̀fẹ́ ni?"

Wọ́n fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín ni. Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tó lọ, òmíràn ti dé. Ṣùgbọ́n obìnrin tí kì í gbọ́ ire kó má ṣàmín, àwọn ilé iṣẹ́ fóònù yẹn ti kọ́ ọ pé kó kọ́kọ́ bèèrè iye tó jẹ́. Ìyẹn ni mi ò ní dárí ẹ̀ jì wọ́n láyé.