Àga Tí Mojí Rí

Ìsúfèé ló bá mi nídìí ẹ̀fọ́. Ọ̀sán Sátidé ni, mo wà ní kíṣìnì ọmọ mi obìnrin ní Lithonia, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, mò ń já ẹ̀fọ́ sínú abọ́. Ọmọ mi ti gba ọ̀nà I-20 lọ síbi iṣẹ́, ó ku èmi àti ọmọ rẹ̀, Tiwa, nínú ilé. Tiwa ló tan tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀. Àfi bí ẹnìkan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé nínú rẹ̀, orin kúkúrú kan tó ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀, tó wá dákẹ́ lójijì bí ẹni tó gbúròó ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀fọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Láti kékeré mi n'Íbàdàn ni mo ti gbọ́ ìsúfèé yẹn gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹnu mi bá a parí rẹ̀ kí èmi alára tó mọ ohun tí mò ń ṣe.

Tiwa yíjú padà. "Grandma, you know this show?"

Ṣé mo mọ̀ ọ́n? Mo nu ọwọ́ mi, mo lọ jókòó tì í.

Fíìmù ọmọbìnrin òyìnbó kan ni, ọmọ ilé-ìwé girama tí ọ̀ràn kì í rú lójú. Ohun tó bá sọnù nílùú wọn, òun ló ń wá a rí. Àwọn ọlọ́pàá á ti dé, wọ́n á ti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, wọ́n á ti padà lọ sílé lọ jẹun, ìgbà yẹn ni ọmọ yìí á ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀wù òjò rẹ̀, á mú iná tọ́ọ̀ṣì, á máa yọjú wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kiri. Orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú fíìmù kò rọ̀ wá lẹ́nu, nítorí náà a sọ ọ́ ní Sìsí Tọ́ọ̀ṣì. Ó di tiwa pátápátá. Bí ṣíbí ìyá ẹnìkan bá sọnù nínú ilé, àwa ọmọdé á ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe Sìsí Tọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá tẹlifíṣọ̀n lára ògiri gbogbo yàrá, ẹ fọkàn bá mi lọ sí Òkè-Àdó. Ilé alágbàlá ńlá là ń gbé, ọ̀pọ̀ ayálégbé, tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo. Bàbá Onílé ló ni ín. Tẹlifíṣọ̀n náà ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó ní ilẹ̀kùn onípákó bíi ti kọ́bọ́ọ̀dù, àpò bùbá Bàbá Onílé sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń gbé. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sìsí Tọ́ọ̀ṣì, a ti wẹ̀, a ti para, a ti bọ́ bàtà wa sẹ́nu ọ̀nà, a ti jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀ wọn bí ọmọ tó fẹ́ gba ẹ̀bùn. Áńtẹ́nà wà lórí ọ̀pá irin lẹ́yìn ilé. Bí àwòrán bá ń gbọ̀n, ẹnìkan á jáde lọ yí i, àwa tó wà nínú ilé á máa pariwo pé ó ti dáa, rárá, dá a padà, títí inú á fi bí onítọ̀hún. Dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀. A jà títí lórí àwọ̀ ẹ̀wù òjò yẹn. Èmi ní pupa ni, mi ò sì yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ mi.

Ọ̀rẹ́ mi ni Mojí. Yàrá kan lẹ́yìnkùlé ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Nínú gbogbo wa, òun ni Gẹ̀ẹ́sì inú fíìmù yé jù, nítorí náà òun ni ògbufọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá Onílé. Ìyá Àgbà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí Sìsí Tọ́ọ̀ṣì kọjá wọn. Wọ́n á jókòó sórí àga onítìmùtìmù, Mojí á jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, á máa tú u fún wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin ì bá gbọ́ ìtumọ̀ Mojí. Ọmọ òyìnbó yẹn á já wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ọlọ́pàá láìkí ẹnikẹ́ni, á gbé ìbéèrè kà á níwájú. Lẹ́nu Mojí, yóò di pé, "Ẹ káalẹ́ sà. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo lẹ wà lánàá?" Ìyá Àgbà á mi orí, wọ́n á ní ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé nìyẹn, àti pé ó yẹ kí àwa náà fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá ti hu ewú nínú fíìmù náà, "wọ́n" ni Mojí ń pè é, ì báà jẹ́ ẹni rere, ì báà jẹ́ ọ̀daràn. Dàpọ̀, ọmọ-ọmọ Bàbá Onílé, tó fi díẹ̀ dàgbà jù wá lọ, máa ń sọ pé Mojí ń fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Òótọ́ ni. Ó ń fi iyọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kì í purọ́.

Èyí tí Tiwa tàn lọ́sàn-án Sátidé yẹn gan-an ló da ilé wa rú nígbà náà. Ife ẹ̀yẹ kan ló pòórá nínú ilé-ìwé Sìsí Tọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ènìyàn ń fura sí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n ń gun alùpùpù kiri. Dàpọ̀ ní àwọn ni, kò tún sí ẹlòmíràn, ó sì bá àwa yòókù fi guguru àti ẹ̀pà ta tẹ́tẹ́ lé e lórí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Sìsí Tọ́ọ̀ṣì ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìwé, ó tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe fẹ́ bọ́ sójú ẹnìkan báyìí, wọ́n mú iná lọ. Igbe tí a ké, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní Mọ́kọ́lá.

Mojí kò sí láàárín wa lọ́jọ́ yẹn. Ó bá ìyá rẹ̀ lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní àdúgbò mìíràn tí iná wà, ibẹ̀ ló ti wò ó tán. Bó ṣe wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni a ti yí i ká. Ta ló gbé ife náà?

"Àwọn ni," ni Mojí wí. "Àwọn ni wọ́n gbé e."

Dàpọ̀ kò jẹ́ kó fi kún un. Ó fò sókè, ó ní ṣé òun ò sọ fún wa, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni. Ó gba guguru wa, ó gba ẹ̀pà wa, ó jẹ ẹ́ tán lójú wa. Ìrọ̀lẹ́ ló tó gbọ́ látẹnu ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan pé irọ́ ni, ẹnìkan ṣoṣo ló gbé e, ìyá arúgbó tó ń tọ́jú ìwé. Ojú tì í, ó sì gbé ìbínú rẹ̀ lé Mojí lórí. Ẹnìkan ṣoṣo, o ní àwọn!

Mojí ní ẹni tó tó ìyá ìyá òun, ṣé kí òun wá máa pè wọ́n ní "ó" ni? Dàpọ̀ ní òyìnbó ni, olè sì ni pẹ̀lú, Mojí kò rí nǹkan kan, ó gbọ́ ọ lójú ọ̀nà ni. Ibi tí Mojí ti gbèjà ara rẹ̀ ló ti wá bọ́ sínú ọ̀fìn. Ó ní òun rí i. Ó ní ọwọ́ ìyá náà ń gbọ̀n, Sìsí Tọ́ọ̀ṣì sì fa àga fún wọn kí wọ́n jókòó.

Ẹ̀rín tí wọ́n rín pọ̀. Ta ló ń fa àga fún olè? Bàbá Onílé pàápàá, nígbà tí wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé iwájú wọn, ní àwọn ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ẹni tó ń ti "ẹ káalẹ́ sà" bọ ẹnu ọmọ òyìnbó, kí ló dé tí kò ní lè fa àga fún olè? Wọ́n sọ ọ́ ní Mojí Àga. Tó bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹnìkan á gbé àpótí wá: "Mojí, ẹ jókòó." Èmi nìkan ló gbà á gbọ́, mo sì bá ẹni tó pọ̀ jà lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí wo ni mo ní? Mojí kò wá wo fíìmù mọ́. Ìyá Àgbà bi wá léèrè bóyá Sìsí Tọ́ọ̀ṣì ti yadi ni. Nígbà tí ọdún fi máa parí, ìyá Mojí ti rí iṣẹ́ sí Iléṣà, wọ́n kó lọ, mo sì sunkún débi tí orí fi fọ́ mi.

Ayé wá kó èmi àti Dàpọ̀ pọ̀ sí Atlanta. Duluth ló ń gbé, ó ti di alàgbà nínú ìjọ wa, gbogbo ọmọdé ń pè é ní Uncle. Síbẹ̀, bó bá ti rí mi lẹ́yìn ìsìn, ohun tó máa bi mi ni pé, "Àga dà?" Mojí náà, àbúrò mi ló bá mi wá a rí n'Íléṣà. A máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Àìsàn ojú ló mú ìríran náà lọ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí a ń rántí ilé àtijọ́, tí mo rò pé ẹ̀rín la máa rín, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní ọ̀rọ̀ àga yẹn ṣì ń dun òun. Nígbà mìíràn òun alára a máa rò ó pé bóyá lóòótọ́ ni òun fi iyọ̀ sí i.

"Kì í ṣe pé mo fẹ́ tún un wò," ló wí. "Mo kàn fẹ́ kí ẹlòmíràn rí i, tí kì í ṣe èmi."

Ẹ ti mọ ìdí tí ẹ̀fọ́ fi bọ́ lọ́wọ́ mi.

Èmi àti Tiwa wò ó. Ohun àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹ̀wù òjò náà kì í ṣe pupa. Yẹ́lò ni, àwọ̀ pupa ẹyin. Pupa ẹyin ni Yorùbá ń pè é, nítorí náà mo ṣì jàre. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kọjá lórí alùpùpù wọn. A ń sún mọ́ yàrá ìwé yẹn. Èmi tí mo ti fi gbogbo ọjọ́ ayé mi jà fún Mojí, bí kò bá sí àga ńkọ́? Kí ni màá wí fún un? Mo ní kí Tiwa dá a dúró ná. Mo mu omi. Mo ní kó máa lọ.

Ilẹ̀kùn ṣí. Tọ́ọ̀ṣì tàn. Ìyá arúgbó ni, wọ́n di ife náà mú sáyà, ọwọ́ wọn méjèèjì ń gbọ̀n. Sìsí Tọ́ọ̀ṣì kò pariwo. Ó rẹ ìmọ́lẹ̀ náà sílẹ̀ kó má baà gún wọn lójú, ó wo ẹ̀yìn, ó sì fa àga. Àga onígi, ẹsẹ̀ rẹ̀ dún lórí pákó. Ìyá náà jókòó.

Mo sunkún, mi ò tijú. Ohun tó tẹ̀ lé e ni Mojí kò ráyè sọ fún wa, nítorí a kò jẹ́ kó dé ibẹ̀. Orúkọ ọmọ tí ìyá náà bí ló wà lára ife yẹn. Òun ló gba ife náà nínú eré ìje kó tó kú. Ilé-ìwé fẹ́ da àwọn ife àtijọ́ nù, ìyá rẹ̀ kò sì lè jẹ́ kí tirẹ̀ bá wọn lọ.

Mo pe Dàpọ̀ lórí fídíò, mo kọjú fóònù sí tẹlifíṣọ̀n, mo ní kí Tiwa dá a padà síbi àga. Dàpọ̀ wò ó. Ó ní ká tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ó ní kí n pe Mojí kún wa. Mojí gbé e n'Íléṣà, mo fẹ́ sọ̀rọ̀, omijé kò jẹ́. Tiwa bá gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó kí i. Mojí gbọ́ ìsúfèé lẹ́yìn rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n.

"Ọmọ mi, ta ló gbé ife náà?"

"Àwọn ni, Grandma," ni Tiwa wí. "Àwọn ni wọ́n gbé e. Then the girl gave them a chair."

Dàpọ̀ béèrè pé àwọn mélòó.

"Just one, Uncle. But she's old. Mi ò lè máa say 'ó.'"

Ọmọ tí wọ́n bí sí DeKalb ní Amẹ́ríkà níbí nìyẹn o, tó jẹ́ pé bó bá pe ọkọ̀, ó lè di ọkọ, ó sì lè di ọkọ́, bí ohùn bá ṣe gbé e. Kò sí ẹni tó fà á létí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Pálọ̀ Òkè-Àdó ti di ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Onílé àti Ìyá Àgbà ti lọ, kò sí ẹni tó ń jáde lọ yí áńtẹ́nà mọ́. Wọn kì í mú iná lọ níbí, èèyàn lè dá fíìmù dúró kó lọ fọ abọ́, kálukú sì ń wo tirẹ̀ nínú yàrá tirẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín pé kò dáa. Ṣùgbọ́n "wọ́n" yẹn kò sọnù lójú ọ̀nà. Ó bá wa wọ bàálù wá, inú mi sì dùn pé ẹnu ọmọ yìí ni mo ti bá a.

Lórí fóònù, Dàpọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó dàgbà ju Mojí lọ, "ìwọ" ló sì máa ń pè é láti kékeré wa.

"Mojí," ló wí, "ẹ má bínú."

Mojí dá a lóhùn. Ó ní kó wá àga kan fà, kó jókòó, nítorí òun ò tíì sọ fíìmù náà tán.