Ọdún tí Wọ́n Gbé Jíìpù Ọkọ Mi Sókè

Èmi ni ìyálé. Ó yẹ kí èyí kọ́kọ́ di mímọ̀ kí n tó sọ ohunkóhun nípa jíìpù. Ilé wa wà ní Ìkòròdú, kò jìnnà sí Agric. Ilé ìyàwó kejì wà ní Ẹ̀pẹ́, ní apá ibi tí títì ọlọ́dà kò dé. Ní Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ wa máa ń lọ síbẹ̀, a ó sì tún rí i ní ọjọ́ Àìkú. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe pín ara rẹ̀, n kò sì bá a jiyàn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò pín fún mi, tí ó sì jẹ́ tèmi: ìgbà òjò. Bí òjò bá ti mú ilẹ̀, ọ̀nà tí ó wọ ilé ìyàwó yẹn a di ẹrẹ̀, omi a sì bò ó. Jíìpù ọkọ wa ti gbó, ikùn rẹ̀ sì súnmọ́lẹ̀. Kò lè kọjá níbẹ̀. Ọkọ mi kò jẹ́ gun ọ̀kadà, kò sì jẹ́ ká ṣòkòtò sókè kí ó máa la omi kọjá lójú àwọn àna rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ mi ni yóò jókòó sí títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ. A ó jọ máa jẹ àgbàdo sísè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò máa ka ìwé ìròyìn sókè, èmi tí mo ti fi ọjọ́ ayé mi ṣe olùkọ́ yóò sì máa tọ́ ọ sọ́nà níbi tí ó bá ti ṣì í kà. Àwọn aládùúgbò a máa ráhùn pé òjò pọ̀ jù. Èmi a máa wo ojú ọ̀run, n ó sì dúpẹ́.

Ní àwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn, ọkọ mi ti Èkó dé pẹ̀lú páálí ńlá méjì.

"Olówó orí mi, kí ni ìwọ̀nyí?"

"Sípírìn ni, àti ṣọ́kù. A fẹ́ gbé jíìpù sókè."

"Sókè dé ibo?"

"Dé ibi tí omi kò ti ní í tó o."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ó ti sọ ọ́, kì í sì í ṣe èmi ni ó ń wò. Inú yàrá wa ni ó kó àwọn páálí náà sí, lábẹ́ fèrèsé. Bí mo bá sùn tí mo jí, irin tí yóò gba ọkọ mi lọ́wọ́ mi ni mo kọ́kọ́ ń rí.

Mẹkáníìkì dé ní ọjọ́ Sátidé, ọkùnrin oníkùn kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà nínú àgbàlá wa, wọ́n tẹ́ igi tí ó nípọn sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tú gbogbo táyà rẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ mi, tí kò gbé àga láti yàrá dé pálọ̀ rí, bọ́ agbádá, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ lórí ẹní mi. Àwọn bóòtù tí ó di irin rẹ̀ mú ti dípẹtà. Kẹrosíìnì sítóòfù mi ni wọ́n dà sí wọn lára kí wọ́n tó yí.

"Bàbá, ẹ rọra o," ni mẹkáníìkì wí. "Irin yìí kò mọ àgbà."

"Ìwọ di ibẹ̀ mú, jẹ́ kí n tì í. Agbára ṣì wà lára mi."

"Agbára Ẹ̀pẹ́ nìyẹn, Bàbá."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mẹkáníìkì rí mi lójú fèrèsé, ó húkọ́. "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ilé o."

"Iṣẹ́ tí a gbé fún ọ ni kí o mójú tó."

Mo gbé omi jáde fún wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí ohùn mi lè dé abẹ́ ọkọ̀. "Olówó orí mi, ilẹ̀kùn ilé ìdáná ti ń dún láti èṣín. Sípánà kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Ohùn rẹ̀ dáhùn láti ìsàlẹ̀: "Tíṣà, ilẹ̀kùn kì í wọ ẹrẹ̀."

Mo gbé omi wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, mo sì padà sínú ilé.

Wọ́n fi sípírìn tuntun sí i, èyí tí ó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àti ṣọ́kù gígùn. Rọ́bà bíréèkì kò gùn tó mọ́, wọ́n sì lọ ra òmíràn ní ìsọ̀ kan ní Agric. Nígbà tí oòrùn fi máa rọlẹ̀, jíìpù náà ti dúró gogoro bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Nínú ilé wa, a kì í lo ohun tuntun kí ìyálé tó fọwọ́ kàn án. Ìyá ọkọ mi ni ó fi òfin náà lélẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò sì rú u rí. Èmi ni mo kọ́kọ́ fa omi nínú kànga wa. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣí fíríìjì. Ọkọ mi ṣí ilẹ̀kùn iwájú jíìpù.

"Tíṣà, wọlé, kí a yí àdúgbò ká."

Mo wo ẹnu ilẹ̀kùn náà. Ó ga kọjá orúnkún mi, ìró méjì ni mo sì ró.

"N kò ní í wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ tí obìnrin ní láti ṣí ìró kí ó tó gùn ún kì í ṣe ọkọ̀ ọmọlúwàbí."

"Ṣé kí a gbé ọ ni?"

Mẹkáníìkì sún mọ́ mi. Mo wò ó bí mo ti máa ń wo ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé, ó sì padà sẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀ ni jíìpù náà dúró sójú kan. Òjò dé, Ọjọ́bọ̀ kọjá, ọkọ mi kò sì lọ sí Ẹ̀pẹ́, nítorí pé n kò tíì jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀. Mo rò pé mo ti borí. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá dún, ọkọ mi a lọ dá a lóhùn lẹ́yìn ilé, n ó sì máa gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ìwé ìròyìn wà lórí itan rẹ̀, kò kà á.

"Ẹ ka ojú ewé kejì sí mi létí."

"Ojú ń dùn mí."

Ojú tí ó ń dùn ún yìí ni ó fi ń nu dígí jíìpù ní àràárọ̀. Mo ní ọkọ nílé, ẹnu géètì ni ó sì kọjú sí.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ mìíràn pé, mo wọ kàbà tí ó fẹ̀ nísàlẹ̀, mo gbé àpótí ìjókòó ilé ìdáná síta, mo sì fi í gun jíìpù náà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí ní àgbàlá. Ibẹ̀ ni ọkọ mi bá mi.

"Mo ti wọ̀ ọ́," ni mo wí. "Ó yá, ó di Ẹ̀pẹ́."

"Pẹ̀lú rẹ?"

"Ṣé ìyálé kò gbọdọ̀ mọ ilé ọkọ rẹ̀ ni?"

N kò dé ilé náà rí. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gbé ọkọ̀ sókè. A gba Ìmọ̀ta, a gba Ìtòìkín, òjò ń bá wa lọ. Nígbà tí a dé ibi omi náà, mo gbàdúrà nínú mi pé kí ẹ́ńjìnnì kú. Kò kú. Omi kọjá lábẹ́ wa bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Ní iwájú ilé ìyàwó náà ni mo ti rí i: àtẹ̀gùn sìmẹ́ǹtì tuntun, tí a kò mọ ti ẹnu ọ̀nà, tí ó dá dúró ní àgbàlá. Ọkọ mi wa ọkọ̀ tì í, orí àtẹ̀gùn náà sì bá ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ níhà tèmi mu rẹ́gí. Jíìpù kò tíì dé ibẹ̀ láti ìgbà tí ó ti ga. Orí fóònù ni wọ́n ti jọ wọn gíga rẹ̀, lẹ́yìn ilé mi. 

Ìyàwó náà jáde lábẹ́ agbòjò, ó kúnlẹ̀ nínú omi. "Ẹ káàbọ̀, Ìyá wa. Ẹ rọra sọ̀."

"Ta ni a mọ èyí fún?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Bàbá ní kí n pe bíríkìlà. Wọ́n ní orúnkún yín kò fẹ́ ibi gíga, pé ẹ̀yin náà yóò sì wá wo ilé."

Mo yíjú sí ọkọ mi. Ojú òjò ni ó ń wò.

"Kí ni kò jẹ́ kí ẹ mọ irú rẹ̀ sí Ìkòròdú?"

"Tíṣà, bí mo bá mọ ọ́n sí Ìkòròdú, wàá ní mo pè ọ́ ní arúgbó."

Ìyàwó náà tẹ orí ba, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá òtítọ́ ni wọ́n sọ fún mi. Sílípáàsì rẹ̀ wà lórí àtẹ̀gùn náà, bí ìgbà tí ènìyàn máa ń jókòó síbẹ̀ gba atẹ́gùn.

"Gbé bàtà rẹ kúrò níbẹ̀."

Ó gbé e. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ Àìkú.

Láti ọdún náà, bí òjò bá ń rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, èmi ni ẹ ó kọ́kọ́ rí ní ìjókòó iwájú jíìpù. Ìyàwó náà mọ̀ pé ìgbà òjò ṣì jẹ́ tèmi. Ilé rẹ̀ ni mo kàn ti ń lò ó.