Pólò Méjìlá Tí Mo Tẹ̀ Nígbà Tí Ọ̀rẹ́ Mi Ò Sí Nílé

Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà ní gárèjì Agbówá, tí à ń dúró kí èrò kún kí a lè máa bọ̀ ní Ìkòròdú, nígbà tí mo rí i pé wọ́n fẹ́ pa káfíńtà kan. Mo mọ̀ ọ́n. Adití ni, ará Ẹ̀pẹ́ ni, ó máa ń wá ṣiṣẹ́ ní Agbówá, ó sì wà lára àwọn oníbàárà mi àkọ́kọ́. Ó fi èjìká ti bọ́ọ̀sì kejì, ó ń jẹ ẹ̀pà. Pólò tí mo tẹ̀ ló wọ̀, aláwọ̀ ọsàn, tí a kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé: ADITÍ NI MÍ. MI Ò GBỌ́ FÈRÈ. Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ YÀ FÚN MI.

Agbèrò kan rọra wá sẹ́yìn rẹ̀. Ó fi ìka lé ètè fún àwa tí à ń wò, bí ẹni tó fẹ́ ṣeré. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara bọ́ọ̀sì náà gbàmù. Káfíńtà yíjú padà.

"Ṣé ẹ rí i?" agbèrò náà wí. "Ó gbọ́. Adití wo ló ń gbọ́ràn?"

"Òun náà ni," ọkùnrin kan dáhùn. "Irú aṣọ yìí lẹni tó já báàgì ìyàwó mi gbà ní Ìjẹ̀dẹ́ wọ̀."

"Ẹ jẹ́ ó sọ̀rọ̀. A máa la ẹnu ẹ̀ fún un."

Èmi mọ ohun tó mú un yíjú. Ara ọkọ̀ tó fi èjìká tì ló gbọ̀n. Àwọn adití a máa fi ara mọ ohun tí àwa ń fi etí gbọ́. Bí a bá fẹ́ pe ọ̀rẹ́ mi aránṣọ nínú ilé wa, a kàn máa ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ ni. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n pólò méjì irú èyí tó wọ̀ wà nínú àpò tó wà lórí itan mi. Mo mú wọn wá fún adití mìíràn tí mi ò bá nílé. Mo fi ìborùn bo àpò náà. Wọ́n gbá káfíńtà létí, ó ké, igbe náà sì tún bí wọn nínú. Wọ́n ní ṣé gbogbo ènìyàn ti gbọ́ ohùn rẹ̀ báyìí. Ó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ kíákíá, ojú rẹ̀ ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó rí mi. Mo gbójú sílẹ̀. Awakọ̀ wa ní òun ò fẹ́ kí ọlọ́pàá wá bá òun níbẹ̀, ó tan ọkọ̀, a sì lọ.

Ìtóìkín la dé kí n tó mọ̀ pé mo ti fi eyín gé ètè ara mi.

Nígbà yẹn, ó ti tó ọdún méjì tí èmi àti aránṣọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pólò. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn bíi tiwa. Ìtamága ní Ìkòròdú là ń gbé, nínú ilé ayálégbé, ògiri kan ló pààlà yàrá wa. Èmi wá láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, òun wá láti Ọ̀ṣun. Etí rẹ̀ ti di láti ọmọdé. Nídìí kànga tí a ti ń fọṣọ ló ti kọ́ mi ní èdè ọwọ́, àwọn ará ilé a sì máa bínú pé ọ̀rọ̀ wa ń ta ọṣẹ sí àwọn lójú. Lẹ́yìn tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, mo ti kọ́ bí a ṣe ń tẹ àwòrán sára aṣọ. Ó ń rán, mo ń tẹ̀. Ti ẹgbẹ́ àwọn adití la kọ́kọ́ ṣe, fún ìpàdé ọdọọdún wọn. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ akẹ́rù gbá obìnrin kan nínú wọn, awakọ̀ sì ń búra pé òun tẹ fèrè títí. Obìnrin náà kò kú, ṣùgbọ́n ó ń tiro. Ìgbà yẹn ni aránṣọ ní kí a ṣe pólò tí yóò máa bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn.

Ó fi òfin kan lélẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pólò yìí gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀, kí òun fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀, kí òun mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ẹlòmíràn gbà á. Nínú iṣẹ́ wa, férémù la fi ń tẹ aṣọ, ìyẹn aṣọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí a nà mọ́ igi, tí ọ̀dà ń gba ojú rẹ̀ kọjá sára pólò. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ tó wà lára férémù ló ni férémù. Ẹni tó ń tẹ aṣọ kò gbọdọ̀ lò ó lẹ́yìn ẹni tó ni ín. Abẹ́ ibùsùn aránṣọ ni ti pólò yìí ń gbé.

Oṣù díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ Agbówá tó ṣẹlẹ̀, bàbá aránṣọ kú, ó lọ sìnkú, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkùnrin oníkóòtù kan wá. Ó ń gbọ́ràn dáadáa. Ó ní òun ń ran àwọn adití ìlú òun lọ́wọ́, òun sì fẹ́ pólò méjìlá.

"Ṣé àwọn fúnra wọn ò lè wá ni?" mo bi í.

"Ìyá, ọ̀nà jìn. Àbí ẹ fẹ́ kí ọkọ̀ gbá wọn kí wọ́n tó dé ibí?"

"Ẹ gba lẹ́tà wá lọ́wọ́ wọn nígbà náà."

"Màá mú un wá lọ́jọ́ tí mo bá ń bọ̀ wá kó o. Ẹ kọ́kọ́ gba owó yín ná."

Mo gba owó náà. Kò mú lẹ́tà kankan wá, èmi náà ò sì béèrè mọ́. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ sára pólò tí mo rà lọ́jà tán, mo dá férémù padà sábẹ́ ibùsùn, mo sì bu eruku díẹ̀ láti igun yàrá, mo fọ́n ọn sórí rẹ̀, kí ó lè dà bí ohun tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Eruku yẹn ń tì mí lójú títí di òní ju owó náà lọ. Ẹni tó bá ń fọ́n eruku mọ ohun tó ń ṣe.

Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ pé àwọn kan ń wọ pólò aláwọ̀ ọsàn tọrọ owó káàkiri ọjà, pé bí ènìyàn bá ti ń ṣàánú wọn ni wọ́n ń já àpò gbà. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní ó lè jẹ́ pólò ẹlòmíràn.

Ọjọ́ kejì tí mo ti Agbówá dé ni tẹ́ẹ̀sì wọlé sórí fóònù aránṣọ. Ìyá arúgbó kan tí káfíńtà ń bá tún ilẹ̀kùn ṣe ló sáré dé tó gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ọ̀tún ti kán. Apá yẹn ló fi ń ṣiṣẹ́, òun náà ló fi ń sọ̀rọ̀. Wọ́n sì ti kìlọ̀ ní gárèjì pé ẹni tó bá tún wọ irú pólò bẹ́ẹ̀ wá, táyà ni wọn yóò fi sí i lọ́rùn. Aránṣọ ń sọ ọ́, ó ń sunkún. Mo ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Mo tilẹ̀ ká ọwọ́ lérí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, aránṣọ jáde síta, pólò náà ló wọ̀.

"Níbo lò ń lọ?" mo fi ọwọ́ bi í.

"Agbówá, kí n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá yẹn. Láti ibẹ̀ màá lọ wo káfíńtà ní Ẹ̀pẹ́."

"Bọ́ pólò yẹn."

"Tí gbogbo wa bá bọ́ ọ, wọ́n á ní olè ni wá lóòótọ́."

Mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó tì mí. Mo tún padà dúró síbẹ̀. Ó tẹjú mọ́ mi, ojú rẹ̀ sì yí padà díẹ̀díẹ̀.

"Kí lo ṣe?"

Mo jẹ́wọ́. Mo fi ọwọ́ sọ ọ́ ní ìkánjú tó bẹ́ẹ̀ tí kò yé e, ó ní kí n tún un sọ, mo sì ní láti jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo sọ ti eruku. Mo sọ pé mo wà nínú bọ́ọ̀sì. Kò lù mí. Ó wọlé lọ gbé férémù náà jáde, ó gbé e síwájú mi pẹ̀lú oògùn tí a fi ń fọ̀ ọ́, ó sì dúró tì mí títí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fi parẹ́. Ó ní kí n fi fóònù tèmi kọ ọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ pé èmi ni mo ta méjìlá fún ẹni tó ń gbọ́ràn, kí wọ́n má wọ̀ ọ́ jáde ná. Lẹ́yìn náà ló wọ aṣọ mìíràn, ó sì nawọ́ sí ọ̀nà.

"Ìwọ lo ní ohùn," ó wí. "Jẹ́ ká lọ lò ó."

Alága gárèjì ń ta dráfùtì lábẹ́ àtíbàbà nígbà tí a dé Agbówá. Agbèrò ọjọ́sí jókòó tì í.

"Ẹ kú ìjókòó, sà."

"Ẹ kú. Ẹrù ni àbí èrò?"

"Ọ̀rọ̀ ni, sà. Ti adití tí wọ́n lù."

"Olè yẹn ńkọ́?"

"Kì í ṣe olè, sà. Èmi ni mo ta pólò fún àwọn olè."

Agbèrò náà rẹ́rìn-ín. "Màdáámù, ẹsẹ̀ ara yín lẹ fi rìn wá sọ ìyẹn níbí? Tó bá jẹ́ adití, báwo ló ṣe gbọ́ ọwọ́ mi?"

Mo ṣàlàyé. Kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́. Alága dìde, ó ní kí aránṣọ fi èjìká ti bọ́ọ̀sì. Mo sọ ọ́ fún un, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́. Ó ṣe é láìwo ojú mi. Alága gbá ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, aránṣọ yíjú. Alága ní kí ó kúrò lára ọkọ̀ ní ìṣísẹ̀ méjì. Ó tún gbá a, ó gbá a títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Aránṣọ dúró, ó ń wo ojú ọ̀nà. Agbèrò náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ó yẹ kẹ́nì kan ti sọ èyí lọ́jọ́ náà," Alága wí.

"Mo wà níbí lọ́jọ́ náà, sà."

Obìnrin kan tó ń ta omi da omi inú ike sí mi lójú. Mi ò nù ún.

Alága ní àwọn ọmọ òun kò ní fọwọ́ kan adití mọ́, ṣùgbọ́n òun ò lè dúró fún àwọn ará ọjà níwọ̀n ìgbà tí pólò olè bá ṣì wà níta. "Ẹ kó méjèèjìlá wá. Ìgbà yẹn ni màá kéde pé ó ti tán."

Mo wá wọn láti ìgbà òjò wọ ọyẹ́. Oníkóòtù ti sá lọ, pólò sì ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Mo rí ọ̀kan ní Ìjẹ̀dẹ́ tí wọ́n fi ń nu ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Mo bọ́ òmíràn lára alágbe kan ní Ẹ̀pẹ́ tó ti gbọ́ pé mò ń wá wọn, ó rí mi lókèèrè, ó ní, "Ìyá, àbí ẹ ti wá gba ọjà yín ni?" Ẹ̀rù ń bà mí ní gbogbo ibi tí mo bá dé, nítorí mi ò mọ ẹni tí wọ́n ti já báàgì rẹ̀ gbà níbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tí mo bá rí, mo ń fi aṣọ tuntun dípò rẹ̀.

Ìkejìlá ló pẹ́ jù. Ara aṣọ́komásùn tí wọ́n fi ń lé ẹyẹ ni mo ti rí i, nínú oko àgbàdo kan lẹ́yìn Agbówá.

"Ẹ fẹ́ bọ́ ẹ láṣọ?" àgbẹ̀ náà bi mí.

"Mo mú òmíràn wá fún un, bàbá."

"Ẹ mú un lọ. Ẹyẹ ò mọ̀wé. Abẹ́ ẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń jẹ àgbàdo mi."

Mo kó méjèèjìlá lọ fún Alága lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ìyá ọjà tó wà nítòsí, ó sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ pólò ti parí, pé ẹni tó bá fọwọ́ kan adití, òun ló fọwọ́ kàn. Aránṣọ tẹ tẹ́ẹ̀sì sí Ẹ̀pẹ́. Kí oòrùn tó rọlẹ̀, káfíńtà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Pólò rẹ̀ ló wọ̀. Agbèrò náà gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó sì dọ̀bálẹ̀. Káfíńtà fọwọ́ kàn án léjìká kí ó dìde.

Ó kọjá níwájú mi. Mo fi ọwọ́ kí i káàbọ̀. Apá rẹ̀ ọ̀tún kò tíì nà tán. Ó wò mí, ó gbé àpò rẹ̀ mọ́ra, ó sì gba ọ̀nà ilé ìyá arúgbó náà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ dá adití dúró, àfi kó sáré lọ dúró níwájú rẹ̀. Mi ò ní ojú tí màá fi ṣe bẹ́ẹ̀.