Ẹ̀rọ Tó Gbé Ọkọ Mi Wálé Lásán

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú èmi àti ìyá ọkọ mi rí ní Kutọnu. Inú ṣì ń bí mi!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé inú ọkọ̀ akẹ́rù ojú òkun ni Màtíù ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Àwa ará orí òkè Dassa, kí ló pa wá pọ̀ mọ́ òkun? Àmọ́ iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́. Lóṣù tó kọjá, Màtíù dédé dákẹ́. Mo pè é títí, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ìyá rẹ̀ pa oko iṣu tì ní Gbaffo, ó wá jókòó tì mí nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Kò jẹun, kò sùn.

Ibẹ̀ la wà tá a fi gbọ́ lórí rédíò pé ilé ìwádìí ọkọ̀ ojú omi kan ní Kutọnu ń pe tonílé tàlejò kí wọ́n wá wo ẹ̀rọ tuntun. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ń rí ọkọ̀ níbikíbi tó bá wà lójú òkun. Màmá ní, "Ìyàwó, dìde." Ó di Kutọnu!

Ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ kóòtù, tí lọ́fínńdà rẹ̀ ń ta èèyàn nímú, ló mú wa káàkiri. Faransé ń tú lẹ́nu rẹ̀ bí àgbàdo tó ya àpò. Ó fi àga kan hàn wá tí wọ́n ti ń kọ́ ọkọ̀ títù láìkúrò nínú yàrá. Ó tún ní láìpẹ́, ọkọ̀ á máa dá wa ara rẹ̀ láìsí èèyàn kankan nínú. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́! Fún ìyàwó òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀!

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá. Ó ní kí n bi í bóyá oníkóòtù náà á jókòó sílé, kí ẹ̀rọ máa mú àlejò káàkiri. Mo gbé ìyẹn mì, n kò túmọ̀ rẹ̀.

A dé iwájú ẹ̀rọ tí a tìtorí rẹ̀ wá. Mo dárúkọ ọkọ̀ Màtíù. Oníkóòtù tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, iná pupa kan tàn.

"Mádàámú, inú yín á dùn! Ọkọ̀ náà wà níbí, ní èbúté Kutọnu!"

Màmá pariwo orúkọ ọmọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí táìsì, ó ń ṣàmì àgbélébùú. Omijé bọ́ lójú mi. A kò dúró gbọ́ ìyókù. A gun alùpùpù, ó di ẹnu ọ̀nà èbúté.

Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ wò wá tàánútàánú. Ó ní ọkọ̀ yẹn ti lọ tipẹ́.

A padà sọ́dọ̀ oníkóòtù. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ! Ó ní *connexion* ni, pé íńtánẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ náà ti já láti ọjọ́ mélòó kan, ohun tí ẹ̀rọ rí kẹ́yìn ló fi hàn. Mo bi í bóyá ó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó mọ̀! Ó ní àfihàn lásán ni, òun kò rò pé ẹnikẹ́ni á béèrè ọkọ̀ gidi.

Ọkọ̀ gidi! Kí ni ẹ̀rọ náà wà fún nígbà náà? Fún fọ́tò?

Mo ra búrẹ́dì fún Màmá lọ́nà Dassa, ó tì í padà sọ́wọ́ mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Màtíù pè láti èbúté Abidjan. Fóònù rẹ̀ ló já sómi, tó fi ra òmíràn. Mo bú sẹ́kún. Màmá kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́ pé Abidjan ló wà. Ó ní kó gbé fóònù fún ẹlòmíràn, kí ẹni tó ní ẹ̀mí jẹ́rìí sí i. Alásè inú ọkọ̀ wọn ló bá a sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni Màmá tó ní ebi ń pa òun.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé: ẹni tí kò mọ̀, kó sọ pé òun kò mọ̀. Ẹ̀rọ kì í tijú, èèyàn ló yẹ kó tijú. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni irú oníkóòtù yìí ti fún láyọ̀ òfìfo rí? Ẹ kọ tiyín síbí, kí n mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni wọ́n sọ di òmùgọ̀.