Ohun Tó Yọ Jáde Lókè Ilẹ̀kùn

Bí òjò bá ti pa símẹ́ǹtì tuntun, òórùn kan máa ń jáde lára rẹ̀, bí ìgbà téèyàn bu erùpẹ̀ mọ́ irin. Ní Libreville níbí, ní ilẹ̀ Gabon, òjò kì í jìnnà síni, nítorí náà kò sọ́nà tí mo fẹ́ gbà gbàgbé ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sibang. Gbọ̀ngàn kékeré kan ni, ilẹ̀kùn onírin kan ṣoṣo tó ń ṣí síta, àti fèrèsé mẹ́fà tí a fi irin dí nítorí olè. Lókè ilẹ̀kùn yẹn ni bíríkìlà wa ti na kọnkéré síta, kí òjò má baà máa pa àwọn tó bá ń wọlé. Ó yọ jáde bí ètè ẹni tó ń bínú.

Ará Benin ni bíríkìlà náà, Nàgó pọ́ńbélé, ẹni àádọ́ta ọdún tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi ńkọ́? Àdúgbò Akébé níbí ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi ló wá láti Nàìjíríà. Faransé ni mo fi kàwé, òun ni mo fi ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, àní òun ni mo fi ń lálàá. Ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ ló gbà pé ọmọ Nàìjíríà kò lè ṣàì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà ò sì já wọn nírọ́. Ó ń dùn mọ́ mi, kí n sòótọ́ fún ọ. Bí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì bá dé, wọ́n á ní kí wọ́n pe Tíṣà wá, èmi á nu awò ojú mi, màá sì máa méfò.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, alàgbà wa tó jẹ́ ẹnjiníà wá wo ilé náà kó tó lọ síbi iṣẹ́ epo lórí òkun. Yorùbá ló máa ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń kọ, bíi ti ọ̀pọ̀ àwọn tó kàwé nílé. Kò bá bíríkìlà, ló bá fi ìwé kékeré kan sílẹ̀ fún un, ìyẹn náà sì mú un tọ̀ mí wá lọ́jọ́ kejì. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé kí ó yọ “projection” kúrò kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́, kò dáa kí èèyàn dúró sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú Faransé, lẹ́tà kan ò yàtọ̀. Lójú àwa tí a kàwé níbí, kí ni “projection” bí kò ṣe àwòrán tí iná ń gbé sára ògiri? A sì ní ẹ̀rọ irú ẹ̀, èyí tó ń gbé orin ìjọ sára ògiri, tí a so kọ́ òkè àjà. Mo ní òun ni alàgbà ń wí. Bíríkìlà họ orí. Ó ní òun ti bi olùṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn sì sọ pé alàgbà ò tilẹ̀ wojú àjà, ìta ló dúró sí tó ń wo òkè ilẹ̀kùn. Ó ní ká kúkú gbìyànjú fóònù rẹ̀ wò.

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú àwa méjèèjì?” ni mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gun àkàbà, ó sì tú ẹ̀rọ náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Àwọn obìnrin ìjọ wá gbálẹ̀, bíríkìlà ń rẹ́ ògiri inú, èmi ń to àga. A ti ilẹ̀kùn nítorí ìjì. Nígbà tó kù díẹ̀ kí oòrùn kan àtàrí, a gbọ́ ariwo gbàà! Ilé mì, eruku bo gbogbo wa. A sáré lọ fọwọ́ ti ilẹ̀kùn síta, kò mira. Kọnkéré òkè ilẹ̀kùn ti já, ó fara ti ilẹ̀kùn onírin náà láti ìta.

Mọ́kànlá la wà nínú ilé. Àwọn kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ooru mú, ìyá ọlọ́mọ kan gbé ọmọ rẹ̀ síbi irin fèrèsé kó lè rí atẹ́gùn fà. Àwọn aládùúgbò ń fi irin gbẹ́ ẹ níta, wọ́n ní yóò pẹ́. Ìgbà náà ni Ìyá Ìjọ kọjú sí bíríkìlà. Ó ní iyanrìn ló pọ̀ ju símẹ́ǹtì lọ, ó ní àbúrò òun kan jẹ́ ọlọ́pàá, bí ilẹ̀kùn bá ti ń ṣí báyìí, yóò wá mú un. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìwé ìgbélùú ọkùnrin náà ti kọjá ọjọ́. Bí ọlọ́pàá bá mú un, Cotonou ló kàn, ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin á sì kù sí àdúgbò Venez-Voir láìsí ẹni tí yóò bọ́ wọn. Bíríkìlà kàn ń wò mí.

Àwọn tó ti gbọ́ lẹ́nu olùṣọ́ pé alàgbà kọ̀wé sílẹ̀ ní, Tíṣà, kí ni ó kọ síbẹ̀?

“Mo ti ka ohun tó wà níbẹ̀ fún un,” ni mo wí. “Ọwọ́ rẹ̀ ló kù sí.”

Bíríkìlà wolẹ̀. Ìyá Ìjọ mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ń wá nọ́ńbà. Ọ̀rẹ́ mi, ojú tì mí. Ìwé náà wà nínú àpò àyà mi. Ká ní ilẹ̀kùn ṣí ni, mo fi Ọlọ́run búra, ǹ bá ti sá lọ, ìwọ ì bá sì má gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n kò síbi tí mo fẹ́ gbà. Ibi yòówù tí mo bá kọjú sí, ènìyàn ni, tàbí ògiri.

“Ìyá, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀,” ni mo wí. “Mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín, òmíràn pòṣé. Ìyá Ìjọ bi mí pé àwọn lẹ́tà tí mo ti ń kà fún wọn láti ọdún wọ̀nyí wá ńkọ́. Bíríkìlà ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ohùn rẹ̀ ò tilẹ̀ le.

“Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rọ,” ló wí. “Ṣùgbọ́n akọ̀wé ti sọ̀rọ̀. Kí ni bíríkìlà fẹ́ wí?”

Nǹkan bí aago méjì ni wọ́n tó ráyè ṣílẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó pe ọlọ́pàá. Mo bá ọkùnrin náà kó àfọ́kù kọnkéré títí di ìrọ̀lẹ́, kò dá mi dúró. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ ń bá a. Tèmi ò tilẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo ra ìwé tó ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé, mo sì wá ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó yọ jáde lára ògiri ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Àwòrán tí iná ń gbé tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, ṣíṣírò ohun tí ọdún tó ń bọ̀ yóò mú wá, gbígbé ohùn sókè kí ará ẹ̀yìn lè gbọ́, àti títẹ́ ayé roboto sórí bébà pẹlẹbẹ bíi ti máàpù. Ó ya mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ru gbogbo ẹrù yìí. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo rí èyí tó kẹ́yìn: kí èèyàn mú àlébù ara tirẹ̀ gbé kọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn, kó wá máa wò ó níbẹ̀ bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n rí. Mo pa ìwé náà dé. Ìyẹn nìkan ni mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ fún mi.